Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Olùkọ́ Sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́ ẹ wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Òdogbolú, ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bá a ṣe lè máa kọ́ gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì kan náà láì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn tó pè mí pé mi ò ní ka pépà, màá kàn bá yín sọ̀rọ̀ ni. Ohun tẹ́ ẹ ń kà yìí lohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, mo kàn tún un tò díẹ̀ torí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Rẹ́mọ wa níbí, ìjọba ẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Lọ́dún 1954 àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ bíi 457,000, nígbà tó fi máa di 1955 wọ́n ti ju 811,000 lọ. Láàárín ọdún kan péré o! Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alárù, ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń ta fùfú, gbogbo wọn wọ ilé-ìwé. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọmọ wọ ilé-ìwé lóòótọ́, ẹ̀kọ́ ò tíì wọ gbogbo ọmọ. Ọmọ lè wọ yúnifọ́ọ̀mù, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù dé ìparí ẹ̀, kó má sì sí nínú kíláàsì yẹn rárá, torí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni tíṣà ń gbà kọ́ni, ọmọ tí ọ̀nà yẹn ò bá sì gbà, ìta ló wà. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti ẹni tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ọjà Òkè-Ajé kan náà ni wọ́n ń ná, kò sẹ́ni tó máa ní kí ará Ẹ̀pẹ́ kọ́kọ́ yí gba Ìjẹ̀bú-Igbó kó tó lè ra gààrí. Bí mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe ẹ̀kọ́ yín nìyẹn: ibi tẹ́ ẹ ń lọ ò gbọdọ̀ yẹ̀, àmọ́ ọ̀nà débẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kẹ́ ẹ sì ti la àwọn ọ̀nà yẹn kẹ́ ẹ tó wọ kíláàsì.

Ẹ wo kíláàsì yín dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni ní Ṣàgámù lápá Sábó, ẹ mọ̀ pé òwò obì ti kó àwọn Hausa wá síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn ọmọ wọn ń bẹ lọ́dọ̀ yín, àwọn mìíràn nínú wọn ò tíì gbọ́ Yorùbá délẹ̀ ká má tíì wá sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ẹ̀gùn wà ńbẹ̀, ọmọ Ìgbò wà ńbẹ̀. Ọmọ onílùú gan-an, tó jẹ́ pé Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni màmá àgbà ń sọ sí i nílé, tó bá dé kíláàsì Yorùbá inú ìwé á kọ́kọ́ ṣàjèjì sí i, Gẹ̀ẹ́sì á tún wá ju ìyẹn lọ. Ẹnì kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé, àfín ni. Ẹnì kan wà lẹ́yìn tó jẹ́ pé etí kan ló fi ń gbọ́ràn, kò sẹ́ni tó mọ̀, wọ́n ní olóríkunkun ni. Ẹ ní ọmọ tó jẹ́ SS, ìyẹn tó ní àrùn sickle cell, ẹ ní èyí tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, èyí tí ara ẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹ sì ní èyí tó ti parí iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ tán sí bọ́ọ̀dù, tó wá ń yọ àwọn yòókù lẹ́nu torí kò rí nǹkan ṣe mọ́, òun náà wà lára àwọn tí à ń sọ o. Ọmọ tá a máa ń ní lọ́kàn tá a bá ń kọ lẹ́sìn nóòtì, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ríran, tó gbọ́ràn, tó jẹun kó tó kúrò nílé, tó ń kọ̀wé kíákíá, ẹ wá a kiri kíláàsì yín kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí i ju ẹyọ mélòó kan.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya pílánù ilé ni. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Ronald Mace, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 9, kẹ̀kẹ́ arọ ló wá ń lò. Nígbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní yunifásítì ní North Carolina, ńṣe ni wọ́n ń gbé e gun àtẹ̀gùn tí wọ́n tún ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ kó tó lè wọ kíláàsì. Ọkùnrin yìí ló wá ń jà fún un pé kí àwọn èèyàn má máa kọ́lé tán kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọ́n á lẹ ọ̀nà arọ mọ́, kó ti wà nínú pílánù kí bíríkìlà tó dé. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá sì ti rí ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ dúró wo àwọn tó ń gbà á. Ẹ máa rí oníbárò, ẹ máa rí ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn, ẹ máa rí aláboyún. Torí arọ ni wọ́n ṣe é, gbogbo ayé ló ń jàǹfààní ẹ̀.

Ní 1984, àwọn olùwádìí kan dá àjọ kan sílẹ̀ ní Massachusetts tí wọ́n ń pè ní CAST, Anne Meyer àti David Rose wà lára wọn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ran àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà lọ́wọ́ kí wọ́n lè bá ẹgbẹ́ wọn ka ìwé, nígbà tó yá wọ́n rí i pé ìwé yẹn àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ló ń dá ọmọ dúró. Wọ́n wá mú èrò Mace wọnú kíláàsì, wọ́n pè é ní Universal Design for Learning, UDL làwọn èèyàn ń pè é. Wọ́n tẹ ìlànà ẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n tún un ṣe ní 2024. Tẹ́ ẹ bá bọ́ gbogbo èdè ìwé kúrò lára ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Kí ló máa mú kó wu ọmọ yìí láti ṣe é? Ibo ni ẹ̀kọ́ yìí máa gbà wọlé sí i lára? Báwo ló ṣe máa fi hàn mí pé ó ti yé òun?

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí pé àwọn ti gbọ́ èyí rí. Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti sọ fún wa pé ọmọ kan jẹ́ elétí, ìyẹn pé etí ló fi ń gba ẹ̀kọ́, ọmọ kejì jẹ́ olójú, ìkẹta jẹ́ ọlọ́wọ́, pé ká yẹ̀ wọ́n wò, ká pín wọn, ká wá kọ́ kálukú bó ṣe jẹ́. Mi ò bá wọn fọwọ́ sí i o. Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí ẹ̀ wò, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó láti fi gbà á. Tẹ́ ẹ bá lẹ orúkọ mọ́ ọmọ lára pé olójú ni, ẹ ti tún tì í sójú ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ la ọ̀nà púpọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo wọn, ọmọ kan náà lè gba ibí lónìí kó gba ọ̀hún lọ́la, kò sí ìjà ńbẹ̀.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká wọ kíláàsì. Pírámárì 4, ìṣirò, ẹ fẹ́ kọ́ wọn ní ìdá. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa kọ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan tí ìyá ọmọ náà á gbọ́ tó máa yé e: tá a bá fi máa parí, ọmọ á lè sọ èwo ló tóbi jù nínú ìdá méjì, á sì sọ ìdí ẹ̀. Ó parí. Ẹ ò rí i pé mi ò sọ pé ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò sọ pé á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó níbi tí wọ́n ti máa ń ṣubú nínú iṣẹ́ yìí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: ọmọ á ní 1/8 ju 1/4 lọ torí pé 8 ju 4 lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú sójú bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló máa wà. Ẹ bi í léèrè pé búrẹ́dì kan náà, tí èèyàn mẹ́rin bá pín in àti tí èèyàn mẹ́jọ bá pín in, ibo ló ti fẹ́ gba tiẹ̀? Kò sọ́mọ tó máa ṣì í, ebi á sọ fún un.

Ẹ wá gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìwé àtijọ́ náà dáa, kí gígùn wọn ṣáà dọ́gba. Kí wọ́n ká ọ̀kan sí mẹ́rin, kí wọ́n kun mẹ́ta níbẹ̀, kí wọ́n ká ìkejì sí mẹ́ta, kí wọ́n kun méjì, kí wọ́n wá tò ó lórí ara wọn, wọ́n á fojú ara wọn rí i pé 3/4 gùn ju 2/3 lọ. Nǹkan kan wà tí kò sí nínú ìwé o: kíká sí mẹ́ta ṣòro fún ọmọdé, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ fún wọn, pépà ló máa jẹ gbogbo àkókò yín, ẹ ti fi rúlà sàmì sí i láti ilé. Ọmọ tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa á fi ìka wá ojú ibi tí wọ́n ká. Ọmọ Hausa tí kò gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ sọ rí ohun tí ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Èyí tó tètè mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó wá ìdá kan tó bọ́ sáàárín 2/3 àti 3/4, ẹ máa rí i bó ṣe máa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tó bá wá kan kí wọ́n fi hàn pé ó yé wọn, ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ kó kọ ọ́, ẹni tó fẹ́ fi pépà ṣàlàyé kó ṣàlàyé, ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹnì kejì ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú kó sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ sọ pé mo ní gbogbo nǹkan ni ọmọ lè fẹnu ṣe. Tó bá jẹ́ pé ìwé kíkọ gan-an lẹ̀ ń kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ẹ lè ràn án lọ́wọ́ lórí bó ṣe máa di pẹ́ńsù mú, iṣẹ́ ọ̀hún ò gbọdọ̀ yí padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìṣirò lẹ̀ ń wò, ẹ má jẹ́ kí ìkọ̀wé tó rí wúruwùru sọ ọmọ tó mọ ìṣirò di ọ̀dẹ̀. Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kàwé, wọ́n sì ń dáko, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́, orúkọ bàbá yẹn ló wà lára yunifásítì tó ń kọ́ olùkọ́ ní Ìjagun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Ìmọ̀ tó gba ọwọ́ jáde, ìmọ̀ náà ni, ará Rẹ́mọ ò nílò kí Amẹ́ríkà wá sọ ìyẹn fún wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò. Ilé-ìwé St. Stephen's ní Módákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì ní àwọn mìíràn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé òpin ò gbẹ́yìn rárá, wọ́n ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bá wọn jà. Lọ́dún 2022 ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé èdè àdúgbò ni ká fi máa kọ́ wọn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kò sí ìlànà kankan tó ní kí ọmọ má fi èdè ìyá ẹ̀ bi ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ìbéèrè, kò sì sí èyí tó ní kẹ́ ẹ na ọmọ torí ó sọ Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n rò ó láàárín ara wọn ní èdè tó bá yá wọn lẹ́nu, kí wọ́n tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn.

Mo rí ọmọbìnrin àfín kan ní kíláàsì kan nígbà kan, mi ò ní sọ ibi tó jẹ́. Lójoojúmọ́ ni tíṣà ń bá a wí pé ó ń sọ̀rọ̀ jù, pé òun àti ọmọ tí wọ́n jọ jókòó, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń da kíláàsì rú. Mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìn, mo tẹ́tí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù! Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń kà á sí i létí, òun ń kọ ọ́, nítorí kò rí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti rí ọ̀nà tí àwa àgbà ò rí. Ojú àfín kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó bá le, kì í ríran jìnnà, gíláàsì ò sì lè tún un ṣe tán. Àyè lẹ́bàá fèrèsé ni ibi tó burú jù fún un. Ẹ gbé e wá síwájú, kí fèrèsé wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ jẹ́ kó lè dìde rìn lọ sídìí bọ́ọ̀dù láì tọrọ àyè, ẹ fún un ní lẹ́sìn nóòtì yín kó dà á kọ. Tíṣà yẹn wá sọ ọ́ di àṣà pé ohunkóhun tó bá kọ sí bọ́ọ̀dù, ó máa ka gbogbo ẹ̀ sókè ketekete, á sì kọjú sí wọn kó tó kà á. Ẹ wo iye ọmọ tí ìyẹn bá. Ọmọ tó jẹ́ pé etí kan ló fi ń gbọ́ràn rí ẹnu ẹ̀, ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa gbọ́ ọ, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá tí orí àwọn tó wà níwájú dí lójú, àwọn náà rí nǹkan kọ.

Ti àwọn ọmọ SS, ọ̀rọ̀ omi ni. Kò dáa kí omi gbẹ lára wọn, òùngbẹ lè bá wọn fa ìrora, kíndìnrín wọn kì í sì í lè dá omi dúró bíi tiwa, torí náà wọ́n máa ń tọ̀ léraléra. Tí òfin kíláàsì yín bá ní kẹ́nikẹ́ni má mumi, kẹ́nikẹ́ni má jáde títí aago á fi lù, ọmọ yẹn lẹ ṣòfin lé lórí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo kíláàsì lè gbé ike omi sórí tábìlì, kò ní dá yàtọ̀, kò sẹ́ni tó máa nawọ́ sí i. Ìgbà ọyẹ́, kí ọmọ wọ súwẹ́tà, ọ̀rọ̀ pé súwẹ́tà ò bá yúnifọ́ọ̀mù mu, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá sì lọ sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnì kan ti máa ya àwòrán bọ́ọ̀dù pẹ̀lú fóònù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí màmá ẹ̀ lórí WhatsApp.

Ọlọ́wọ́ òsì, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀: ẹ yé nà wọ́n. Ẹ jẹ́ kó jókòó sí igun òsì bẹ́ǹṣì kí ìgúnpá ẹ̀ má bàa máa gbá ẹnì kejì, ó tán. Tó bá fẹ́ kí àgbàlagbà tàbí kó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ó lè fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe é, ìyẹn ni àṣà, ìwé kíkọ kì í ṣe àṣà.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín. Màmá kan tiẹ̀ ti dìde bi mí pé, "Ọ̀gá, ọmọ àádọ́rin ló wà níwájú mi, bẹ́ǹṣì ò tó, ọ̀nà mélòó lẹ fẹ́ kí n là?" Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Ìlànà ìjọba ní ọmọ 35 ló yẹ kó wà lọ́dọ̀ tíṣà kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti máa béèrè ẹ̀, kí àwa náà tá a wà níbí bá yín béèrè ẹ̀. Àmọ́ ẹ ò ní kọ lẹ́sìn nóòtì àádọ́rin. Lẹ́sìn kan ni, ẹ kàn máa fi ọ̀nà kan kún èyí tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá bi ìbéèrè, ẹ dúró. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Budd Rowe ṣe ìwádìí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, ó rí i pé tíṣà kì í dúró ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra ẹ̀. Àwọn tó dúró tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ wọn gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ máa kà á nínú, ení, èjì, ẹ̀ta, kẹ́ ẹ tó pe orúkọ. Ọmọ tó ń túmọ̀ ìbéèrè yín láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kó tún tó dá a padà, àkókò yẹn ló ń wá.

Fún kíláàsì tó kún, ohun tí àjọ Pratham ń ṣe ní Índíà wù mí. Fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́ wọ́n á pín àwọn ọmọ sí ibi tí ìmọ̀ wọn dé, wọn ò ní wo kíláàsì tí wọ́n wà, ọmọ Pírámárì 5 tí kò tíì lè ka gbólóhùn á wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú ìwé kíkà, tó bá sì ti goke wọ́n á gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ tíṣà mẹ́ta ní ilé-ìwé yín, ẹ lè fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ igi kan ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó pọ̀ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán ìwé kíkà nìkan wò.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ìdánwò ni, pé tá a bá ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí, ṣé WAEC máa gbọ́? Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. WAEC ní ètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú àti àwọn tó ní ìpèníjà mìíràn, JAMB náà ti ní ètò tiẹ̀ láti 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ni wọ́n ní kó máa darí ẹ̀, JEOG ni wọ́n ń pè é. Òfin orílẹ̀-èdè tó ní kẹ́nikẹ́ni má ṣojúsàájú sí àwọn tó ní ìpèníjà ara, ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ibi tí wàhálà ti ń wá ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í sọ ọ́ nígbà rẹ́jísítíréṣọ̀n, ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọ́n ń rántí pé ọmọ ò ríran, ọwọ́ á sì ti bọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ní SS3, kẹ́ ẹ tó kúrò níbí lónìí ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀, ẹ pe àwọn òbí wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n mú ìwé dókítà wá, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́dọ̀ ẹ̀ka WAEC tó sún mọ́ yín ohun tí wọ́n máa gbà àti ìgbà tí wọ́n máa gbà á, kí fọ́ọ̀mù tó jáde.